Ìṣó Méjì fún Ìbọn Ilé

Pobè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, 1961

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Basile ọkọ rẹ. Ẹ kú ìjókòó ilẹ̀ onílẹ̀. Àlàáfíà ni a wà ní Pobè, àfi orúnkún mi tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ dìde nídìí owú. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo sì ti yọrí lẹ́yìn ilé. Igi ọsàn tí o máa ń gùn ti gbẹ lápá kan, apá kejì ṣì ń so.

Má rò pé ẹlòmíràn ló bá mi kọ ìwé yìí. Èmi Èṣùbíyìí fúnra mi ni. Kátíkísì tó kọ́ mi ní ìwé nígbà èwe mi fẹ́ kí n máa fi ka Bíbélì ni. Nígbà tí mo padà sídìí Ògún, ó ní kí n dá ìwé òun padà, mo ní a kì í pọ omi tí a ti mu.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe rèé. Ìbọn ṣakabùlà kan wà níwájú mi tí mò ń tún tò. Irin ẹnu rẹ̀ ṣì le. Igi ìdí rẹ̀ ni mo gbẹ́ tuntun láti ara igi apá, ó sì dùn ún wò. Ìṣó méjì ló kù, àwọn tó ń di irin ìtaná mú mọ́ ara igi. Ti àtijọ́ ti dógùn-ún títí wọ́n fi ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ìṣó tí a ń fi òòlù kàn ni mò ń wí o. Ìṣó lílọ́ ni, fíìsì ni àwọn ará bùtíìkì tó ń ta irinṣẹ́ ń pè é. Bàbá mi máa ń gé eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó fi ń gé e ti fọ́, ojú tèmi náà kò sì gbé irú iṣẹ́ wínníwínní bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo dé Sakété lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀ṣẹ́nì tó ń ta irinṣẹ́ da gbogbo agolo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ìṣó pákó ló pọ̀ níbẹ̀, ẹnu wọn ṣóńṣó, irin kì í sì í gba ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Mo dé Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tí mò ń wá, ara rẹ̀ dọ́gba láti ọrùn dé ìdí, orí rẹ̀ sì ní ojú ẹyọ kan tí a là gba àárín, kí irin pẹlẹbẹ tí bàbá mi fi ń lọ́ ìṣó lè wọ̀ ọ́. O mọ irin pẹlẹbẹ náà.

Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ òkun tí kì í yà ní Dàkáà. Bá mi wá a. Má bi mí ta ló ni ìbọn náà. Oníbàárà kan ni tí kì í jẹ́ kí n sùn.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Èṣùbíyìí alágbẹ̀dẹ.


Dàkáà, ọjọ́ kejì oṣù keje, 1961

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iná, Ògún á máa gbè yín. Basile ní kí n kí yín dáadáa.

Inú mi dùn nígbà tí mo rí ìwé yín, inú mi kò sì dùn nígbà tí mo kà á tán. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìṣó ni mo bá níbẹ̀. Mo yí i padà wo ẹ̀yìn, bóyá ẹ kọ nǹkan síbẹ̀ nípa ọmọ mi. Ẹ kò kọ nǹkan kan. Ọmọ-ọmọ yín ti ń rìn, Bàbá. Berthe ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò tíì ní oríkì. Ta ni kí n lọ bá ní Dàkáà kí ó fún un ní oríkì? Ìgbà tó bá ń sunkún, mo máa ń fẹ́ kì í, ẹnu mi á ṣófo.

Ìlú yìí dára, ń kò sọ pé kò dára. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ iyanrìn wọlé títí dé inú ìkòkò. Àwọn ará àdúgbò mi jẹ́ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n èdè wọn ni mò ń fi rajà, Faransé ni mò ń fi bá oníṣègùn sọ̀rọ̀, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ètè mi ti rẹ̀ mí. Marcelline, aláṣọ ará Àjàṣẹ́ tó máa ń bá ọkọ̀ òkun wá, òun nìkan ni mo rí bá sọ èdè wa. Bó bá dé, mo máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí, kódà nígbà tó bá ń purọ́ nípa iye tó ra aṣọ rẹ̀. Ẹ bá mi fi gaàrí Sakété rán an, èyí tó kan tó sì yan gbẹ. Tibí dàbí lẹ́búlẹ́bú igi lẹ́nu mi.

Ẹ ní mo mọ irin pẹlẹbẹ náà. Báwo ni n ó ṣe gbàgbé? Ọjọ́ tí mo mú un lórí pẹpẹ, ẹ lé mi kúrò ní àgbẹ̀dẹ dé ìdí ọsàn, ẹ ní ọwọ́ obìnrin kì í kan irin ìbọn. Mo sunkún títí mo fi sùn lọ.

Ìṣó tí mo rí ní ọjà rèé, ara wọn dọ́gba bí ẹ ṣe wí. Mo ti kó wọn sínú àpò kékeré fún Marcelline.

Nípa wíwá sílé, Basile ní òun kò lè wọ Pobè lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tí ìlú kálukú ti gba òmìnira, àwọn ọmọ ìlú ń gba iṣẹ́ wọn padà lọ́wọ́ àlejò ní bírò tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì mọ ibi tí tirẹ̀ yóò já sí. Ó ní ká ní sùúrù. Mò ń ní in.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́ Félicité.


Pobè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án, 1961

Àbẹ̀kẹ́,

O bú mi, o sì jàre. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ka ìwé rẹ fún Ṣóbándé ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ó ní láti kékeré lo ti ń bá mi wí.

Àwẹ̀ní ni kí o máa pe ọmọ náà. Oríkì ìyá mi ni. Bó bá ń sunkún, kì í báyìí: Àwẹ̀ní ọmọ arójú-iná-má-ṣẹ́jú, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí í fi irin ṣeré bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Bó bá sunkún kọjá ìyẹn, ebi ló ń pa á, má kì í mọ́, fún un lọ́mú. Kí o sì wò ó fún mi bóyá àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ilé wa ló ń tẹ̀ sẹ́yìn.

Wàyí o, àwọn ìṣó rẹ dé. Ara wọn dára. Orí wọn ni mo wò tí mo fi jókòó. Àgbélébùú ló wà lórí gbogbo wọn! Mo mọ̀ pé o ti di ọmọ ìjọ Páádì, Àbẹ̀kẹ́, n kò sì bá ọ jà, ṣùgbọ́n ìbọn tèmi kò tíì ṣèrìbọmi. Irin pẹlẹbẹ kò wọ inú àgbélébùú. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà gbogbo, ó ń yọ̀ bí ẹja. Ọ̀ṣẹ́nì ní irú èyí ni wọ́n ń kó wọlé báyìí, pé ẹ̀rọ ló máa ń lọ́ ọ lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni yóò lọ́ tèmi.

Ojú ẹyọ kan ni mo fẹ́, ọmọ mi, tó tín-ín-rín bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Mo yà á sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Mú un dání bó o bá ń wá a kiri, kí wọ́n má tún ta ìránṣẹ́ Jésù fún ọ.

Gaàrí wà lọ́wọ́ Marcelline. Láti ìsinsìnyí lọ, máa kọ orúkọ Ọ̀ṣẹ́nì ní Sakété sí ara lẹ́tà rẹ. Mò ń dé bùtíìkì rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà gbogbo, ibẹ̀ ló yá jù láti gbà á.

Sọ fún Basile pé mo gbọ́ ohun tó wí. Ẹni tó ní òun kò ní í wálé títí ọwọ́ òun yóò fi kún, kó ṣọ́ra kí ilé má ti ṣófo kó tó dé.

Bàbá rẹ,
Èṣùbíyìí.


Dàkáà, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, 1962

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ̀yí ló mú Àwẹ̀ní, oorun kò kan ojú mi fún ìgbà pípẹ́. Ara rẹ̀ ti dá báyìí. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, Bàbá, méjèèjì. Nígbà tí mo kì í bí ẹ ṣe kọ́ mi, ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi. Èmi ni mo wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Mo ti rí ìṣó yín. Mo rí i, Bàbá!

Mo gbé àwòrán tí ẹ yà káàkiri ìlú yìí. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ìwé yín wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní àwọn kò tà á mọ́. Àwọn kan bi mí léèrè kí ni obìnrin fẹ́ fi ṣe. Ní ọjọ́ kan, mo rí òyìnbó arúgbó kan nítòsí èbúté tó máa ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìbọn ọdẹ ṣe. Ó wo àwòrán yín pẹ́. Ó bi mí ta ló yà á, mo ní bàbá mi alágbẹ̀dẹ ni. Ó ní, "Bàbá rẹ mọ ohun tó ń wá." Ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, àpótí ló kún ilẹ̀. Ó tú wọn wò títí ó fi rí méjì péré. Ojú ẹyọ kan, tín-ín-rín, ara wọn sì dọ́gba láti ọrùn dé ìdí. Ó ní kí n máa mú wọn lọ, pé òun kò ní í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ó fi òwú dúdú so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà sọnù, ìdí ọ̀kan kan ìdí èkejì, ó wé wọn sínú ìwé, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo sáré dé èbúté, ọkọ̀ Marcelline sì fẹ́ gbéra. N kò ráyè kọ lẹ́tà mọ́ ọn. Mo kàn ní kó fi lé yín lọ́wọ́, pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun ni mo jókòó tí mò ń kọ yìí.

Ǹjẹ́ oníbàárà yín yóò wá jẹ́ kí ẹ sùn báyìí? Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti jẹ iyanrìn nítorí ìbọn rẹ̀. Mo ń rò ó pé bí ẹ bá ti yìn ín wò lẹ́yìn ilé, ìró rẹ̀ yóò dé ìdí ọsàn. Ì bá ṣe pé mo wà níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.


Pobè, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 1962

Félicité,

Ohun tí o fi rán Marcelline dé. Ó bá mi nídìí iṣẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn ju pé ìwọ lo ní kó fún mi. Mo dúró de lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọjà, kò sí lẹ́tà.

Mo tú ìwé náà. Ìṣó méjì, a fi òwú dúdú so wọ́n ní ìdí kan ìdí, ọ̀kan kẹ̀yìn sí èkejì.

Mo mọ àrokò kà, ọmọ mi. Bàbá mi kọ́ mi kí kátíkísì tó kọ́ mi ní ìwé. Owó ẹyọ méjì tí a bá so ní ìdojúkọra, ó ń wí pé, "Ojú rẹ ń wù mí í rí." Èyí tí a bá so ní ìkẹ̀yìnsíra, ó ń wí pé kí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, ó parí. Ẹni tó fi ìṣó rán an dípò owó ẹyọ kò yí ohun tó wí padà.

Ò bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, n kì bá tí bá ọ jà. Mo ti gbọ́. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà ọ́.

Èṣùbíyìí.


Dàkáà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, 1962

Bàbá mi, Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò kúnlẹ̀ mọ́. N kò rán àrokò. Mo fi Àwẹ̀ní búra fún yín, n kò rán àrokò.

Òyìnbó tó fún mi ní ìṣó ló so wọ́n, kí wọ́n má baà sọnù. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì, sí Ọ̀ṣẹ́nì ní Sakété bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ṣé kò dé ni? Ṣé Marcelline gbàgbé láti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn? Kí ni òyìnbó mọ̀ nípa ìkẹ̀yìnsíra? Òwú dúdú ló wà lórí tábìlì rẹ̀, ó mú un.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe òyìnbó. Mo dúró níwájú rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń so ó. Ojú mi wò ó, ojú mi kò kà á. Èmi tí ẹ bí ní Pobè, èmi tí ìyá mi kọ́ pé a kì í fi abẹ fún ẹni tí a fẹ́ràn láìfi nǹkan wé e. Basile ní kí n má sunkún, pé ọ̀rọ̀ òwú lásán ni. Mo ní kì í ṣe òwú ni mò ń sunkún sí. Mò ń sunkún pé ilé ti ń jò lára mi díẹ̀díẹ̀, n kò sì mọ̀.

Ẹ pè mí ní Félicité. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹ kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú òwú náà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, kí n mọ̀ pé ẹ ti tú u.

Àbẹ̀kẹ́ yín.


Dàkáà, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, 1962

Bàbá mi,

Mo kí yín. Kò sí ìdáhùn. Mo ń lọ pàdé ẹni tó ń pín lẹ́tà ní òpin òpópó, ó ti mọ̀ mí, ó máa ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé òjò rọ̀ ní àná, òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí níbí. Òórùn ilẹ̀ tútù dé, mo jáde síta, mo dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Mo ń rò ó pé gbogbo ojúkòtò ọ̀nà Sakété ti kún fómi báyìí, pé ẹ ti kó ẹwìrì sábẹ́ òrùlé kí awọ rẹ̀ má baà rọ̀. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ máa bínú. Ẹ kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ara yín le.

N kò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ béèrè mọ́.

Àbẹ̀kẹ́.


Pobè, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, 1962

Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi san èyí tí mo jẹ ọ́.

Ara mi le. Orí mi ni kò le. Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọ̀ṣẹ́nì lọ sí Mẹ́kà. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò kà á sí, àfi bí mo ṣe dé Sakété tí mo bá ilẹ̀kùn bùtíìkì rẹ̀ ní títì. Màrúfátù ìyàwó rẹ̀ ń gba gbogbo lẹ́tà tó dé, ó ń kó wọn sínú agolo ìṣó kí èkúté má baà jẹ wọ́n, títí ọkọ rẹ̀ yóò fi dé. Kò mọ̀wé. Ilẹ̀kùn títì ni mò ń bá lọ́jọ́ ọjà tí mo fi ní kò sí lẹ́tà; n kò bi ìyàwó náà léèrè, nítorí mo rò pé àrokò ti parí ọ̀rọ̀ rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Àlájì dé. Ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá mu omi Mẹ́kà. Bí mo ṣe mu ún tán ló da agolo sílẹ̀, lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣó pákó.

Mo kà wọ́n níbẹ̀, lójú gbogbo ọjà. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ náà ń wo ẹnu rẹ, n kò rí ìwé mọ́. Àlájì rò pé omi Mẹ́kà ló ń ṣiṣẹ́ lára mi.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn wàyí. Ìdí tí mo fi yára gba àrokò náà gbọ́ ni pé òun ni mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ejò, okùn lásán á lé e sá. O ní ilé ń jò lára rẹ. Kì í ṣe lára rẹ ló ti ń jò, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó gbé àwòrán bàbá rẹ̀ rìn ká ìlú onílùú tọmọtọmọ, ilé wo ló jò lára rẹ̀?

Ó tó àkókò kí n sọ fún ọ ta ni oníbàárà mi. Ìbọn ilé wa ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń wà ní àjà. Láti ayé bàbá bàbá mi, bí ọmọ ilé yìí bá ti ìrìn àjò dé, wọ́n máa ń yìn ín lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè mọ̀ pé tiwọn ti dé. Wọn kì í yin ìbọn mìíràn. Ọdún tí o lọ ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo rí i pé ó ti bàjẹ́. Mo wá ń ronú pé bí o bá dé lójijì, báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ọ wọlé? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi sùn. N kò sọ fún ọ, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń bẹ̀bẹ̀.

Mo ti tú òwú náà. Mo fi irin pẹlẹbẹ lọ́ ìṣó kan wọlé, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú, kò ké. Mo gbé èkejì sọ́wọ́ láti lọ́ ọ, ọwọ́ mi sì dúró. Òun ni mo fi rán Marcelline sí ọ yìí. Mo kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn o, kó má tún di wàhálà: ìṣó ìbọn ilé rẹ ni, ìwọ ni yóò gbé e wá, ìwọ ni yóò sì lọ́ ọ. Títí ìgbà náà, ìbọn yìí kò ní í dún.

Ṣóbándé ẹ̀gbọ́n mi ní obìnrin kì í fọwọ́ kan irin ìbọn. Mo bi í léèrè ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹnu mi ni òun ti gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. N kò rántí pé bàbá mi sọ ọ́ fún mi rí. Ó jọ pé mo kàn ń bẹ̀rù kí irin má já lù ọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ka èyí fún Basile pẹ̀lú. Ó ní òun kò lè wálé lọ́wọ́ òfo. Mo ti fún un ní ohun tí yóò mú wá. Kò sí ẹrù mìíràn tí a ń retí ní Pobè. Bí bírò kò bá tíì jẹ́ kó wá, kó jẹ́ kí ìwọ àti Àwẹ̀ní ṣíwájú. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.

Bàbá rẹ tó ń dúró dè ọ́,
Èṣùbíyìí.


Dàkáà, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, 1962

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúkọ yín ni mo kọ sára èyí tààrà, n kò fi rán Àlájì.

Marcelline gbé ìṣó náà dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án títí ó fi sọ ohun tí ẹ ní kó sọ tán, ó ní ẹ̀yin lẹ mú òun búra. Mo ka ìwé yín fún Basile. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó gba ìṣó náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti bírò dé pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ òkun fún èmi àti ọmọ. Ó ní òun yóò tẹ̀ lé wa bó bá di ọdún tuntun, kí n bá òun sọ fún yín pé òun kò tíì gbé ohun tó wúwo tó ìṣó yẹn rí.

Ọkọ̀ wa yóò gbéra kí oṣù yìí tó parí. Marcelline ń bá wa lọ, ó ní òun yóò mú wa láti Kútọnu dé Sakété, kí ẹ pàdé wa ní bùtíìkì Àlájì. Mo ní rárá. Kí ẹ dúró sílé. Mo fẹ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí n rí yín níbẹ̀.

Ìṣó náà wà ní etí ìró mi, mo ta á ní kókó. Mò ń fọwọ́ tọ́ ọ wò ní ọjà, mò ń tọ́ ọ wò bí mo bá ń po ẹ̀kọ. Àwẹ̀ní ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Bàbá, ẹ gbé irin pẹlẹbẹ náà sórí pẹpẹ, ibi tó máa ń wà. Bí mo bá mú un, ẹ má lé mi mọ́.

Ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Àbẹ̀kẹ́.